Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n tún "ohun tó wù mí láti ṣèwádìí lé lórí" kọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ọmọ_másítàs:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń ṣe másítàs nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ọdún àkọ́kọ́ ló ń parí lọ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n kọ ojú ìwé kan péré, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ ṣèwádìí lé lórí, kí n wá fi ìlà kan sí i nípa ohun tí mo fi ń najú. Ohun tí mo kọ rèé:

"Ohun tó wù mí láti ṣèwádìí lé lórí ni AI, machine learning, ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, cloud, blockchain àti dátà ńlá. Mo fẹ́ràn ìwé kíkà, orin gbígbọ́ àti bọ́ọ̀lù wíwò."

Wọ́n kà á tán, wọ́n wò mí, wọ́n ní ta ló kọ èyí? Mo ní èmi ni. Wọ́n ní rárá, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́, kí n lọ tún un kọ. Ó dùn mí gan-an torí mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó kù tí mo fẹ́ kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la ibẹ̀ kọjá, báwo lẹ ṣe mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣèwádìí lé lórí? Ṣé ohun téèyàn fi ń najú tiẹ̀ kan ọ̀rọ̀ náà ni?

kóòdù_àárọ̀:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́, àmọ́ oore ni wọ́n ṣe ẹ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi gbé irú ìwé yẹn kiri kẹ́nì kan tó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi. Wo ohun tó o kọ dáadáa, AI, ààbò, cloud, blockchain, orúkọ ìlú ni gbogbo wọn. Tí mo bá bi ẹ́ pé ilé ta lò ń lọ, tó o wá ka ìlú mẹ́fà sílẹ̀ fún mi, ṣé mo ti mọ ilé tó ò ń lọ báyìí? Ìbéèrè ló yẹ kó wà níbẹ̀, èyí tó ò ń wá ìdáhùn ẹ̀ lóòótọ́.

Dá mi lóhùn, má ronú púpọ̀: ìgbà wo lo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kẹ́yìn tílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bá ẹ níbẹ̀, tí kì í ṣe asáínmẹ́ńtì, tẹ́nikẹ́ni ò rán ẹ níṣẹ́? Kí ló wà lójú kọ̀ǹpútà lóru ọjọ́ yẹn?

ẹlẹ́sẹ̀_eré:
Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí ìlà kejì yẹn torí gbogbo èèyàn ló máa ń fojú di í. PhD ni mò ń ṣe, eré sísá ọ̀nà jíjìn ni mo fi ń najú, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ bó ṣe rí: kìlómítà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ní ìdájí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, ara mi sì balẹ̀ wọ̀ọ̀ torí mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Alan Turing tá a ń dárúkọ ẹ̀ lójoojúmọ́ yìí, onímọ̀ ìṣirò tó wà lára àwọn tó pilẹ̀ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, eléré ìje gidi ni. Lọ́dún 1947 ó sá máráfọ́ọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú àáyá 3. Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ni òun náà, máa ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bell Labs, ilé iṣẹ́ ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta mẹ́rin sókè tí wọ́n á máa hán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí ìkankan bọ́. Donald Knuth, gbajúmọ̀ onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ní dùùrù ńlá onífèrè nínú ilé ẹ̀. Eré sísá Turing ò di ìwádìí, àmọ́ Shannon padà jókòó ṣe ìṣirò bọ́ọ̀lù jíjù yẹn, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Méjèèjì ló dáa.

Ṣùgbọ́n "ìwé kíkà àti orin gbígbọ́", àbúrò mi, ìwé wo? Orin wo? Sọ èyí tó jẹ́ tìẹ.

ọmọ_másítàs:
@kóòdù_àárọ̀ ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín bá mi níbi tó yẹ. Òru Sátidé tó kọjá ni, ayò ló sì wà lójú kọ̀ǹpútà.

Ayò tí gbogbo wa mọ̀ yẹn o, ojú 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kọ prógíráàmù kan tó ń ka ayò láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, ìyẹn ni pé dípò kó bẹ̀rẹ̀ níbi téèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ayò, ìgbà tí ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí ọpọ́n ló ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ku ọmọ kan, ọ̀nà 12 ló lè gbà wà lórí ọpọ́n, ó ṣírò gbogbo ẹ̀. Ó bọ́ sórí ọmọ 2, ìyẹn 78, ọmọ 3, 364, ọmọ 4, 1,365, bó ṣe ń gùn ún lọ nìyẹn. Tẹ́ni tó ń ta bá jẹ ọmọ, ọpọ́n bọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀ (iye ọmọ tó kù ni mò ń pè ní ìpele) tí mo ti mọ ìdáhùn ẹ̀, mo kàn lọ wò ó ni. Èyí tó le ni tó bá ta tí kò jẹ nǹkan kan, torí orí ìpele yẹn náà ló ṣì wà, ó sì lè máa yí po yí po títí láé, mo ní láti sọ fún un pé tó bá ti yí padà síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n pín ọmọ tó kù sí méjì.

Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ torí eré ni. Mi ò tiẹ̀ sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n rí.

òǹkà:
Eré kẹ̀? Ṣó o mọ̀ pé àwọn èèyàn ti fi odindi iṣẹ́ ìwádìí ṣe ohun tó ò ń sọ yìí? Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit ní Amsterdam ka ayò tí wọ́n ń pè ní Awari tán pátápátá, ojú 12, ọmọ 48 bíi tìẹ gẹ́lẹ́. Kọ̀ǹpútà tó ní processor 144, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò, ni wọ́n lò, ó fi wákàtí 51 ṣe é, ìdáhùn tó wà nínú dátábéèsì wọn jẹ́ ti ọpọ́n 889,063,398,406, ìyẹn oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọmọ lè gbà wà lójú. Wọ́n wá rí i pé téèyàn méjèèjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni, ọmọ 24 sí 24, kò sí ọ̀ta, kò sí òpè.

Ti dráfù tiẹ̀ pẹ́ jùyẹn lọ. Ọdún 1989 ni Jonathan Schaeffer àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Alberta ti bẹ̀rẹ̀, 2007 ni wọ́n tó lè sọ pé ó ti parí, ọ̀mì náà ni. Ọdún 18! Ọ̀nà kan náà lo gbà bẹ̀rẹ̀ tìẹ, kíka ìparí kó o tó ka ìbẹ̀rẹ̀. O wá fi blockchain sójú ìwé, o fi èyí pa mọ́.

Mo ní ìbéèrè o. Báwo lo ṣe ń sọ ọpọ́n kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà? Torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń fi àyè kọ̀ǹpútà ṣòfò.

olórin_tẹ́lẹ̀:
Ẹ má bínú o, mo fẹ́ sọ nǹkan tó yàtọ̀. Ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ tó ní kó sọ ohun tó fi ń najú di iṣẹ́. Gìtá ni mo fẹ́ràn jù láyé mi, ìgbà tí mo wọlé másítàs mo ní kò burú, ìró orin ni màá ṣèwádìí lé lórí, kí kọ̀ǹpútà máa gbọ́ orin kó máa kọ nóòtì ẹ̀ jáde. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é, mo gba dìgírì, iṣẹ́ náà dáa. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún méjì yẹn mi ò lè gbọ́ orin kan kó wọ̀ mí lára mọ́, ohun tí mò ń gbọ́ ni ibi tí kóòdù mi máa ṣì í. Ó tó bí ọdún kan lẹ́yìn tí mo parí kí n tó lè gbé gìtá náà kí inú mi sì dùn. Torí náà kó bi ara ẹ̀ dáadáa, ṣé ayò títa ló fẹ́ràn ni àbí kíka ayò? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

ọmọ_másítàs:
@olórin_tẹ́lẹ̀ ẹ ṣeun gan-an, mo ronú sí i kí n tó dáhùn. Mi ò mọ ayò ta rárá o, òpè ni mí, àbúrò mi kékeré máa ń jẹ mí tán. Ohun tó ń dùn mọ́ mi ni kí n mọ̀ dájú pé ìdáhùn kan tọ̀nà. Àbí kí n sọ ọ́ báyìí, tí prógíráàmù bá ní "ọpọ́n yìí, ọmọ 7 lo máa jẹ", mo fẹ́ mọ ohun tó máa jẹ́ kí n gbà á gbọ́.

@òǹkà mo to gbogbo ọmọ sílẹ̀ lórí ìlà kan, mo wá fi igi 11 há àárín wọn kí wọ́n lè pín sí ojú 12, ojú tí kò bá ní ọmọ, igi méjì á kan ara wọn. Torí náà ọpọ́n kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí igi 11 wà, mo sì lè ka ibi yẹn di nọ́ńbà láti 0 lọ láìfo ìkankan. Báìtì kan ṣoṣo ni mò ń fi pa mọ́ fún ọpọ́n kan. Tí mo bá dé ọmọ 24, gbogbo ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ á jẹ́ 1,251,677,700, láptọ́ọ̀pù mi gbà á.

Àmọ́ mi ò tíì dé 24 o, ibi tí mo há sí gan-an nìyí. Mo ní prógíráàmù méjì. Èyí àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ, ó mọ òfin ayò, ó kàn ń ta á síwájú ni. Èyí tuntun ló ń ka ẹ̀yìn bọ̀. Lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, mo máa ń ní kí ti àtijọ́ gbé ọpọ́n kọ̀ọ̀kan, kó ta gbogbo ohun tó ṣeé ta lẹ́ẹ̀kan, kó wò ó bóyá èyí tó dáa jù níbẹ̀ bá ohun tí ti tuntun kọ sílẹ̀ mu. Láti ọmọ 1 dé 11 wọn ò fi ìkankan yàtọ̀ síra, ọpọ́n 705,432 ló wà ní ìpele 11 nìkan. Bó ṣe dé 12 báyìí ó já. Nínú 1,352,078, àwọn tí kò bára mu ò tó mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti wà lórí ẹ̀. Mo ti tún dátábéèsì ṣe látìbẹ̀rẹ̀, mo rò pé mẹ́mọ́rì ló bàjẹ́, mo ti yẹ ìṣirò igi yẹn wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí nǹkan kan.

kóòdù_àárọ̀:
Fi mẹ́mọ́rì sílẹ̀. Mẹ́mọ́rì tó bàjẹ́ kì í dúró de 12 kó tó ṣe nǹkan. Jẹ́ ká béèrè: kí ni ọmọ 12 lè ṣe lórí ọpọ́n tí ọmọ 11 ò lè ṣe láé?

òǹkà:
Ẹ̀gbọ́n ti fọwọ́ bà á! Ó lè yí ọpọ́n po! Ọmọ 11 tó wà lójú kan, tó o bá tú u, ojú 11 tó kù ló máa gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tán síbẹ̀. Ọmọ 12 ló máa padà dé ojú tó o ti kó o, òfin sì ni pé o gbọ́dọ̀ fo ojú yẹn.

Wò ó, kó gbogbo 12 sí ojú kẹfà tìẹ, èyí tó kángun sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Tú u. Ojú 11 gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkan kù lọ́wọ́ ẹ. Tó o bá fo ojú kẹfà bó ṣe yẹ, ọmọ yẹn bọ́ sójú àkọ́kọ́ ẹnì kejì, ó di méjì níbẹ̀, o jẹ méjì. Tí kóòdù ẹ ò bá fò ó, ọmọ yẹn padà sójú kẹfà, gbogbo ọpọ́n á wá jẹ́ ọ̀kan ọ̀kan, o ò jẹ nǹkan kan. Ojú mẹ́fà lo ní, torí náà ọpọ́n mẹ́fà péré ni gbogbo ọmọ 12 ti lè wà lójú kan ṣoṣo lọ́dọ̀ ẹ, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe ẹ ò fi tó mẹ́wàá. Lọ wo ibi tí prógíráàmù tuntun ti ń tú ọmọ.

ọmọ_másítàs:
Òun ni!!! Mo ti rí i. Èyí àtijọ́ ní ìlà kan tó ń fo ojú náà, ìgbà tí mò ń kọ tuntun mo da ibẹ̀ kọ láìmú ìlà yẹn dání. Ìlà kan ṣoṣo! Mo ti fi sí i, mo tún ìpele 12 ṣe, òdo, kò sí ìkankan tó yàtọ̀. 13 òdo. 14 òdo. Mo dìde lórí àga mo ń rìn kiri inú yàrá. Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun gan-an ni.

ìdánilójú:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látòkè, mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí ló yẹ kó wà lójú ìwé yẹn. Àbúrò, ká ní o ò ní prógíráàmù kejì ńkọ́? Wàá bá a lọ dé 24, kò ní kú, kò ní kígbe, gbogbo nọ́ńbà ẹ̀ á dà bí òótọ́, àṣìṣe ìpele 12 á sì ti ran gbogbo ìpele tó wà lókè ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè jókòó ka ọpọ́n bílíọ̀nù kan fi ojú ara ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Báwo la ṣe máa wá gbà á gbọ́?

Ìbéèrè ńlá ni nínú ìmọ̀ wa. Lọ́dún 1976, onímọ̀ ìṣirò méjì, Appel àti Haken, fi kọ̀ǹpútà fi hàn pé àwọ̀ mẹ́rin tó láti kun máápù èyíkéyìí láìjẹ́ kí ibi méjì tó pààlà ní àwọ̀ kan náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣirò ni ara wọn ò gbà á torí wọn ò lè fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún 2005 ni Georges Gonthier tó kọ ẹ̀rí náà lọ́nà tí prógíráàmù kékeré kan fi lè yẹ gbogbo ìgbésẹ̀ ẹ̀ wò. Lọ́dún 2016 ẹ̀wẹ̀, Heule, Kullmann àti Marek mú nọ́ńbà 1, 2, 3 lọ, wọ́n ní kí wọ́n kun ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pupa tàbí búlúù, kí a, b àti c tí a² + b² = c² má ṣe jẹ́ àwọ̀ kan náà láé. Ó ṣeé ṣe dé 7,824. Tó bá ti di 7,825 kò ṣeé ṣe mọ́. Ẹ̀rí tí kọ̀ǹpútà kọ fún ìyẹn, terabáìtì 200! Ẹni tó máa kà á ò tíì dáyé, àmọ́ prógíráàmù mìíràn tó rọrùn ju èyí tó kọ ọ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Nígbà tó o sọ pé o fẹ́ mọ ohun tó máa jẹ́ kó o gba ìdáhùn gbọ́, mo mọ̀ pé o ti sọ ohun tó o fẹ́ ṣèwádìí lé lórí láìmọ̀. Ayò ni ibi tí wàá ti máa dán an wò.

olórin_tẹ́lẹ̀:
Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Èmi, orin gan-an ni mo mú wọ láàbù. Òun ò mú ayò títa wọ ibì kankan, kó ṣáà wá nǹkan mìíràn tó máa jẹ́ ìsinmi fún un, tí kò ní kóòdù nínú.

ọmọ_másítàs:
Mo ti kọ tuntun, ẹ bá mi wò ó:

"Tí kọ̀ǹpútà bá ṣírò ìdáhùn tó pọ̀ débi pé èèyàn kankan ò lè kà á tán, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó tọ̀nà? Mò ń lo ayò olójú 12 láti fi wá ìdáhùn: mò ń ka gbogbo ọpọ́n láti ìparí bọ̀ wá síwájú, mo sì fẹ́ kí dátábéèsì náà máa gbé ẹ̀rí ara ẹ̀ dání, èyí tí prógíráàmù kékeré kan lè yẹ̀ wò láìgbẹ́kẹ̀ lé èyí tó kọ ọ́. Àṣìṣe kan tó fara pa mọ́ títí ọmọ fi di 12 ló fi ìbéèrè yìí hàn mí.

Tí mi ò bá sídìí kọ̀ǹpútà, mo máa ń ya àwòrán ẹyẹ pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ìyẹ́ apá ló máa ń gbà mí lákòókò jù."

Òótọ́ ni ti ẹyẹ yẹn o, láti kékeré ni, mo kàn rò pé kò yẹ nínú ìwé yunifásítì ni.

ẹlẹ́sẹ̀_eré:
Ìyẹ́ apá! Wo ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti "orin gbígbọ́". Má yọ ọ́ kúrò o.

ìdánilójú:
Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kan ni kó o fi sí i, sọ bí dátábéèsì náà ṣe tóbi tó ní báyìí, kí wọ́n mọ̀ pé o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo tún fẹ́ bi ẹ́, àwọn fáìlì ìpele tó o ti parí, tí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ ìkan lọ́wọ́, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé fáìlì náà pé?

ọmọ_másítàs:
Ha. Mi ò ní ohun tó ń yẹ ìyẹn wò rárá. Ìpele 19 ló ń lọ lọ́wọ́ báyìí. Mo ti dá a dúró, mo ń lọ kọ checksum, nọ́ńbà tó máa fi hàn bóyá fáìlì kan pé, fún gbogbo ẹ̀ láti ìpele 1.